Àìsàn Tí Kò Ní Ìlà Nínú Ìwé

Nọ́ọ̀sì ni mo kọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ mi ti di kíka àìsàn. Láti Olódì Àpápá dé Boundary, láti etí kànáà Tolu dé ẹ̀yìn àwọn ilé ìkẹ́rù tó kọjú sí wọ́ọ̀fù, mo máa ń ti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn, mà á sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí lọ́sẹ̀ yìí: ta ló ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ọmọ ta ni èéyi mú, ta ni ojú rẹ̀ pọ́n tí ibà kò sì lọ. Àwọn àgbà Ajégúnlẹ̀, ní Èkó, ṣì ń pe irú wa ní wolé-wolé. Bí wọ́n bá ti fojú kàn mí, wọ́n á sáré lọ fi ìdérí bo àgbá omi. Kò burú, ó kúkú yẹ kí àgbá omi ní ìdérí.

Iṣẹ́ yìí ní ìwé tirẹ̀. Láti 1998 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti bá àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣètò bí a ó ṣe máa ṣọ́ àwọn àrùn pa pọ̀, fọ́ọ̀mù ètò náà, tí a ń pè ní IDSR, la sì ń kọ. Àrùn tó bá ní orúkọ nínú fọ́ọ̀mù, a ó kà á, a ó fi ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ á fi ránṣẹ́ sí NCDC l'Ábújà. Èyí tí kò bá ní orúkọ níbẹ̀ kò ní ìlà tirẹ̀. Nínú ẹbí Vibrio, àwọn kòkòrò tó ń gbé inú omi iyọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló ní ìlà tirẹ̀: èyí tó ń fa onígbáméjì, tí a tún ń pè ní kọ́lẹ́rà. Àwọn ìyókù ń gba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọlé, wọ́n sì ń jáde nínú ìwé wa ní "eéwo", "ọgbẹ́", "ẹsẹ̀ wíwú". Ọ̀rọ̀ wọn ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ láì kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀gbọ́n wọn.

Onígbáméjì kò ti inú ọ̀sà wa jáde wá. Indonesia ni ìran rẹ̀ tó ń jà lónìí ti gbéra ní 1961. Ní oṣù kẹjọ 1970 ó gúnlẹ̀ sí Guinea, ó wá ń bá àwọn apẹja àti oníṣòwò bọ̀ lẹ́bàá òkun díẹ̀díẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti dé Èkó. Ní 1971, àwọn tí a kọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà jẹ́ 22,931, àwọn tó kú nínú wọn sì jẹ́ 2,945. Ní 1991, 59,478 ló mú, 7,654 ló pa. Ní 2021, iye àwọn tí a fura sí di 111,062, àwọn tó kú jẹ́ 3,604. Ẹni tó bá wo iye àwọn tó mú á ní nǹkan ń bàjẹ́ sí i. Ẹni tó bá wo iye àwọn tó pa á rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún tó mú ní 1991, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mẹ́tàlá, nígbà tó jẹ́ mẹ́ta lé díẹ̀ ní 2021. Omi oníyọ̀ òun ṣúgà, tí ìyá kan lè pò nídìí ààrò rẹ̀, wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tíì pàtẹ́wọ́: níbi tí ìtọ́jú bá ti tètè dé, ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún kò yẹ kó kú.

Nígbà tó tún dé Èkó ní oṣù kẹfà 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ dárúkọ Eti-Osa, Lagos Island, Ikorodu àti Kosofe. Wọ́n tún tọpa rẹ̀ dé ìdí ohun mímu òfìo kan tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Àwọn ará ọ̀dọ̀ wa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọlọ́rọ̀ ni inú ń run. Èmi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín, torí mo mọ kànga tiwa.

Ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ rẹlẹ̀. Àbàtà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi yanrìn àti pàǹtí dí i. Gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, omi ti dé. Ṣáláńgá ẹnì kan wà níbí, kànga ẹnì kejì wà lọ́hùn-ún, ìgbésẹ̀ mélòó kan ló wà láàárín wọn. Bí òjò oṣù kẹfà bá wá dé, tí ọ̀sà sì ga tí kò jẹ́ kí kànáà rí ibi da omi sí, omi á kún bo ojú ọ̀nà, ohun tó wà nínú ṣáláńgá á sì wá ohun tó wà nínú kànga rí. Omi bọ́hólù a máa ní iyọ̀ lẹ́nu níbòmíràn, torí náà ọ̀pọ̀ ilé ló ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, láì bi í pé níbo ló ti pọn ún.

Àwọn onímọ̀ ń fa ọ̀rọ̀ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lórí onígbáméjì yìí. Rita Colwell, ọmọ Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún fi hàn pé kòkòrò rẹ̀ ń gbé inú omi etíkun láyè ara rẹ̀, kò dúró de ìgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú omi, tí wọ́n bá edé tan. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin Bangladesh láti máa fi aṣọ sari tí wọ́n ṣẹ́ po lọ́nà púpọ̀ sẹ́ omi mímu, wọ́n sì jábọ̀ ní 2003 pé àrùn náà dín kù tó ìdajì ní àwọn abúlé tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2017 ni François-Xavier Weill ti Institut Pasteur àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá yẹ àbùdá àwọn kòkòrò náà wò, èyí tó lé ní 1,000, látinú orílẹ̀-èdè Áfíríkà 45. Ohun tí wọ́n rí ni pé, ó kéré tán, ìgbà mọ́kànlá ni àjàkálẹ̀ náà ti wọ Áfíríkà láti 1970, Éṣíà ló sì ti ń wá nígbà gbogbo. Èèyàn ló ń gbé e kiri. Lójú tèmi, iṣẹ́ méjèèjì dára, ṣùgbọ́n ní Ajégúnlẹ̀, ti Weill ni mo ń tẹ̀ lé. Lọ́jọ́ tí onígbáméjì bá ṣẹ́ yọ, kànga ni mo ń wá lọ, n kì í wojú ọ̀sà.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù a máa bi mí nípa ọkọ̀ òkun, ìbéèrè wọn kò sì ṣàì nídìí. Ọkọ̀ tí kò rẹrù a máa fa omi òkun sínú ikùn kí ó má baà dojú dé lójú agbami. Bó bá dé èbúté tí yóò ti kẹ́rù, á tu omi náà dànù pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń gbé inú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n bá kòkòrò onígbáméjì nínú irú omi bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sí Mobile, ní Alabama. Òfin àgbáyé tí wọ́n ṣe ní 2004, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án 2017, sọ pé ẹyọ kan irú kòkòrò yẹn kò gbọdọ̀ sí nínú mílílítà 100 omi tí ọkọ̀ bá fẹ́ tú dà. Nàìjíríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ́wọ́ gbà á. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n yàn láàárín ọkọ̀ tó ń tu omi ní èbúté Tin Can àti kànga ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá, mo mọ èyí tí n óò kọ́kọ́ dí.

Ti ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Àwọn àbúrò kò nílò kànga, wọn ò nílò ìgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Inú omi gan-an ni ilé wọn, àwa la ń lọ bá wọn níbẹ̀.

Ẹ wo bí omi wa ṣe rí. Ẹnu kan náà, tí wọ́n ń pè ní Commodore Channel, ni òkun ń gbà wọlé tí ọ̀sà ń gbà jáde. Nígbà ọyẹ́, òkun a máa borí, iyọ̀ á le nínú omi etí Àpápá. Bí òjò bá dé, odò Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á da omi sínú ọ̀sà, iyọ̀ á já. Omi àdàlù báyìí, tó tún ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ yípo ọdún, ló bá Vibrio vulnificus, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò náà, lára mu jù. Inú rẹ̀ sì ni àwọn Ìlàjẹ àti Ìjọ ti ń fa àwọ̀n, inú rẹ̀ ni àwọn tó ń wa yanrìn ti ń mòòkùn lọ sísàlẹ̀, etí rẹ̀ ni àwọn ìyá ti ń ṣa akàn àti edé.

Ìyá kan tó ń ta akàn wá sí ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn tí mo ń yẹ̀ wò. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wú dé ìgúnpá, ìléròrò dúdú olómi sì ti yọ lẹ́yìn ọwọ́ náà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kí ló gé yín?"

"Akàn ni, Nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Gbogbo ìgbà ló ń gé wa."

"Ìgbà wo ló gé yín?"

"Àná, kí n tó kúrò létí omi."

"Ṣé ẹ ò ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀?"

"Rárá o. Àfi ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ní ó ń yọ mí lẹ́nu lọ́dún tó kọjá, mo sì ti mu àgbo sí i."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n bẹ dókítà pé kí wọ́n má jẹ́ kí ìyá náà padà sílé. Ọsibítù ńlá ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n la ọwọ́ náà, wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò, ó sì yè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka méjì kò ká mọ́. Mi ò lè búra pé Vibrio ni, torí kò sẹ́ni tó nu ojú egbò náà ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́. Ohun tó wà nínú ìwé ni "ọwọ́ wíwú".

Ohun tó kó mi láyà sókè kò ju bí Vibrio vulnificus ṣe ń yára lọ. Àjọ CDC ti Amẹ́ríkà sọ pé bí ó bá mú ẹni márùn-ún, á pa tó ẹnì kan, nígbà mìíràn láàárín ọjọ́ kan sí méjì péré tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò bá dá ló ń tètè rí pa. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní NAIIS rí i ní 2018 pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà, bí mẹ́jọ ló ní kòkòrò hepatitis B lára, èyí tó ń jẹ ẹ̀dọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Ẹ wá fi ògógóró àti pàrágà ìdí wọ́ọ̀fù kún un.

Ohun kan wà tó ń gbà wá, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ọ̀nà ẹnu ni ọ̀pọ̀ òyìnbó ń gbà kó Vibrio, torí wọ́n ń jẹ ìṣáwùrú òkun ní tútù. Ọ̀kan nínú ẹbí náà, Vibrio parahaemolyticus, Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ní Osaka, 1950: ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n sá díẹ̀ mú èèyàn 272 ṣàìsàn, ogún kú, Tsunezo Fujino ló sì rí kòkòrò náà. Ní Ajégúnlẹ̀, ì báà jẹ́ ìkòkò Ìlàjẹ, ti Ìjọ, ti Urhobo tàbí ti Yorùbá, akàn á hó títí á fi pọ́n, ọbọ̀kún á jinná dé eegun. Ikùn wa bọ́. Ọwọ́ tó wẹ ọbọ̀kún kó tó wọ ìkòkò ni kò bọ́, torí ẹ̀gún tó wà lápá ẹja yẹn kì í dá ẹnikẹ́ni sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tí mo ń wò jù kì í ṣe àwọn tó ń jẹ ẹja, bí kò ṣe àwọn tó ń pa á, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń tà á, títí kan àwọn tó ń kó ẹja òkú Èkó jáde nínú ilé yìnyín ní Ijora.

Ní ti àwọn wọ̀nyí, kì í ṣe gbogbo àrùn ló ń yára. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Erysipelothrix, ó máa ń sọ ìka di aláwọ̀ elése àlùkò, á máa ta èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n pẹnisílíìnì ń ṣẹ́gun rẹ̀. Èyí tó ń fi sùúrù bá wa jà ni Mycobacterium marinum, tó bá kòkòrò ikọ́ ife tan. Ẹ̀gún á gún èèyàn, yóò gbàgbé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kókó kan á yọ níka, òmíràn á tẹ̀ lé e lọ́rùn ọwọ́, títí wọ́n á fi tò lọ sókè apá. Oṣù mélòó kan ni oògùn rẹ̀. Ooru ìwọ̀n 30 sí 32 ló bá a lára mu, ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tí wọ́n tutù ju inú ara lọ. Bí yàrá àyẹ̀wò bá wá gbé e sí ìwọ̀n 37, bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn yòókù, ó ṣeé ṣe kí ó má hù rárá. Wọ́n á kọ ọ́ pé àwọn ò rí nǹkan kan. Dókítà tó kọ̀wé ránṣẹ́ láì sọ pé ẹlẹ́ja ni aláìsàn ló fa èyí, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Kí ọgbẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Apẹja á ti fi omi òkun fọ̀ ọ́, torí wọ́n gbà pé iyọ̀ ń wo egbò sàn. Omi tó kó o ràn án náà ló tún bù sí i. Lẹ́yìn náà ó kan kẹ́míìsì. Wọ́n á ja kápúsù tetracycline, pupa òun yẹ́lò, wọ́n á da ẹ̀tù rẹ̀ sójú egbò. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, torí doxycycline, tó wà ní ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú tetracycline, jẹ́ ọ̀kan nínú oògùn tí a fi ń lé Vibrio. Ẹnu tàbí iṣan ló yẹ kó gbà, ní ìwọ̀n tó yẹ, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ceftriaxone. Bí ẹsẹ̀ bá wá wú lóru, tó ń dúdú, àwọn ará ilé á ní ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni, wọ́n á di ẹrù rẹ̀ kí wọ́n lè gbé e lọ sílé. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n jẹ́ kó gba abẹ́rẹ́ ná, torí àìsàn yìí kò ní dúró de mọ́tò títí yóò fi dé Ìgbòkòdá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ.

Níbi tí wọ́n bá ti ń ka àwọn tí Vibrio mú, nǹkan ń hàn. Àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà ní etí òkun Gulf bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn tí Vibrio mú sílẹ̀ ní 1988; láti 2007 ó di dandan jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Nítorí ìwé yẹn ni àwọn onímọ̀ fi lè sọ ní 2023 pé ọgbẹ́ Vibrio vulnificus ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ti ti bí mẹ́wàá lọ́dún ní 1988 di bí ọgọ́rin ní 2018, ó sì ń gòkè lọ síhà àríwá bí omi ṣe ń gbóná. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé lẹ́yìn ìjì Katrina ní 2005, Vibrio mú èèyàn 22, márùn-ún kú; púpọ̀ nínú wọn ni ọgbẹ́ wọn kan omi. Ní 2022 tí ìjì Ian jà, Florida ka 74 tí vulnificus mú, 17 sì kú. Sweden àti Finland pàápàá, tí òkun Baltic ibẹ̀ ń tutù nini, ka tiwọn nígbà tí ooru mú ní 2014. Omi wọn gbóná fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀, wọ́n ti ní iye. Tiwa kì í tutù.

Ẹ̀rí tó sún mọ́lé wà. Mycobacterium ulcerans, tó ń fa egbò Buruli, ọmọ bíbí inú marinum ni, àmọ́ etí odò àti àbàtà aláìníyọ̀ lòun ń gbé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ará ìpínlẹ̀ Ògùn àti agbègbè rẹ̀ tí egbò yìí ń jẹ ń sọdá ẹnubodè lọ sí ọsibítù Pobè, ní ilẹ̀ Benin, tí èdè wọn kò jìnnà sí tiwa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń fi iye wọn kọ̀wé jáde. Àrùn náà ti wà nílé wa. Ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí ló wà ní òdìkejì ẹnubodè.

Mo gbé ọ̀rọ̀ kíka àwọn ọgbẹ́ yìí síwájú ẹlẹgbẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Kò gbà. Ó ní fọ́ọ̀mù ti kún jù, pé àwọn nọ́ọ̀sì kò tíì kọ ti èéyi àti ti onígbáméjì tán dáadáa, n óò tún wá fi ọwọ́ ẹlẹ́ja kún un. Ó ní yàrá àyẹ̀wò tí a ní kò tó fún ìgbẹ́, ká má tíì sọ ti egbò. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Mo dá a lóhùn pé mi ò bèèrè fọ́ọ̀mù tuntun, mi ò sì bèèrè ẹ̀rọ. Ìwé ọgbẹ́ dídì tó wà lórí tábìlì ni mo ń sọ: kí a bi ẹni tó bá wá pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, omi wo ni ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà wọ̀ àti ìgbà wo, kí a sì bi í bóyá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti dùn ún rí. Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lára ẹnì kan tí ọgbẹ́ rẹ̀ ń wú láàárín ọjọ́ kan, kí wọ́n má dúró de àyẹ̀wò kí wọ́n tó gbé e lọ. Ó ní òun á ronú sí i. Ó ṣì ń ronú.

Ilé ìwòsàn kan ti gbà, wọ́n fi rúlà fa ìlà kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà. Nígbà tí mo padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ọmọdébìnrin tó láròyé díẹ̀, ní, "Màmá, ọwọ́ ń ro mí o. Gbogbo wọn ló ń sọ pé ẹja ni, tàbí akàn."

Mo ní kó máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó sì máa ya akàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹja.